Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, níbo lẹ ti ń rí bátànì yín?

Aláró, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọdébìnrin kan wọ ìsọ̀ mi, ó gbé aṣọ kan sókè, ó ní, "Àǹtí, orí fóònù lẹ ti rí bátànì yìí, àbí?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá rí i pé ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, púpọ̀ wọn á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n á gbé ìyẹ́ dání, wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tí àwọn fẹ́ yà. Ìdí tí mo fi ní kí n bi yín nìyẹn. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Ìyá tó bí màmá mi ló kọ́ mi. Kò sì sí ọjọ́ tí kì í ké pe Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kó tó fọwọ́ kan ìkòkò aró. Ẹ̀kọ láfún tí a fi áláọ̀mù sè la fi ń yà á, ìyẹ́ adìyẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la fi ń fà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ràn án. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí n fi pẹ́ńsù sàmì sára aṣọ rí. Á ká aṣọ náà, á tún un ká, á wá tẹ́ ẹ padà. Ibi tó ti ṣẹ́ yẹn ló fi ń ṣe ààlà. Ó wá kù kí èèyàn wá ohun tó máa kún inú igun kọ̀ọ̀kan. "Kí lo rí lánàá?" Ìbéèrè tó máa ń bi mí nìyẹn. Bí mo bá ní mi ò rí nǹkan kan, á ní kí n dìde, kí n lọ pọnmi, kí n wá sọ ohun tó wà lọ́nà.

Ẹ wo iṣẹ́ àwọn àgbà náà. Òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn níbí ló wà lára bátànì tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n fi ṣíbí há àárín òpó sí òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, orí òkè ló wà, ta ló máa ní òun ò rí i? Àwọn ìyá bá gbé e sórí ìró. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n gbé ọba àti ayaba sáàárín aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Ẹyẹ, àkekèé, ewé ẹ̀gẹ́, ṣíbí, ohun tó wà láyìíká wọn ni gbogbo rẹ̀. Ìròyìn ìlú ni wọ́n ń ró kiri.

Èyí tó tà jù nínú tèmi, inú ẹrẹ̀ ni mo ti rí i. Òjò rọ̀ mọ́jú, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá, ojú táyà rẹ̀ sì tẹ̀ sílẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó dagun sọ́tùn-ún, tó dagun sósì. Ó wá dé ibì kan tí táyà ti yọ̀. Níbẹ̀, àwọn ìlà yẹn wọ́, wọ́n fẹ̀, kí wọ́n tó tún tò dáadáa padà. Ibi tó wọ́ yẹn gan-an ló wù mí. Mo ya ojú táyà yíká aṣọ, mo wá fi ibi yíyọ̀ yẹn sí igun kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ Márúwá ni mo sọ ọ́. Egungun Ẹja làwọn oníbàárà ń pè é, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Télọ̀, Òṣogbo

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Agbe tó laró kì í ráhùn aró, ẹ ò ní ráhùn láé.

Aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán. Nígbà tí màmá mi kú, tí wọ́n pín ẹrù, àwọn àǹtí mi kó aṣọ gidi lọ. Àpò kan ló kù sílẹ̀, ìró àti bùbá tó ti gbó. Èmi ni àkọ́bí, gbogbo èèyàn ló ń wojú mi, mi ò ráyè sunkún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn aṣọ yẹn lálẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ. Mo kàn ń gé ni, mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ìró áńkárá pupa kan wà níbẹ̀ tó máa ń ró lọ sọ́jà. Ó ti ṣá níbi tó fi ń jókòó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó máa ń ká mọ́ inú ìbàdí ṣì pupa roro. Mo bá fi wọ́n rán àwòrán: mo fi ibi tó ṣá ṣe ojú ọ̀run. Mo fi ibi tó pupa ṣe páànù orí ilé wa. Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe wò ó báyìí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó fọwọ́ kan òrùlé yẹn, ó ní, "Iléyá la ra eléyìí."

Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń gbé aṣọ àwọn òbí wọn tó ti lọ wá bá mi. Wọ́n á ní kí n fi aṣọ ya ojú bàbá àwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ ojú yà, kí wọ́n sọ ibi tí bàbá máa ń jókòó sí fún mi. Ẹnu ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: àga onírin, rédíò, igi máńgòrò. Bàbá kan wà, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà bárékè ló máa ń dúró sí, kì í jókòó rárá. Ìlẹ̀kùn lásán ni mo rán fún wọn, mo ṣí i sílẹ̀ díẹ̀.

Òṣogbo tí mò ń gbé náà ràn mí lọ́wọ́, mi ò ní parọ́. Níbí, ojú wa ti mọ́ ọn pé kò sí ohun tí wọn kì í fi yàwòrán. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ wá di ẹni tó ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó. Òwú wúùlù ni Adebisi Fabunmi fi ń ya tirẹ̀. Nínú àwọn ará 1960 sí 1969 yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò rí ilé ìwé àwòrán kankan wọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí tọkọtaya òyìnbó kan, Ulli àti Georgina Beier, ṣe nílùú wa. Bí ẹni tó ń tan iná tíátà bá lè ṣe é, télọ̀ ńkọ́?

Ahunṣọ, Ìṣẹ́yìn

Ẹ má bínú o, èmi ò bá yín lọ síbi tí ẹ̀ ń lọ yẹn. Ìdí òfì ni mo dàgbà sí. Sányán, àlààrì, ẹtù, àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ti lọ, àwa kàn ń hun ún ni. Oníbàárà á fi fọ́tò gèlè ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á ní àwọ̀ yìí gan-an ni, á ní Sátidé ni ìgbéyàwó. Èrò wo ló kù fún mi níbẹ̀? Owó òwú kò dúró lójú kan, ọmọ ń lọ sílé ìwé. Bí mo bá ní kí n hun ohun tó wà lọ́kàn mi, ta ló máa rà á? Iṣẹ́ mi dáa, kò sẹ́ni tó lè ní kò dáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ ni.

Ó dáa, ohun kan wà. Bí mo bá parí aṣọ oníbàárà tí òwú bá ṣẹ́ kù lórí òfì, mo máa ń hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ tèmi, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo ti ń rán wọn pọ̀ tipẹ́. Ìyàwó mi ti fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣì ń gùn sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Bọ̀dá Ìṣẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún wa jàre. Ẹ ò bá wa lọ, ẹ sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa!

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù. Ọmọ mi obìnrin ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó bi mí ìdí tí òṣùpá fi wà lára aṣọ ìyá mi. Oṣù Bàǹbà ni aṣọ náà, àdìrẹ oníko. Mo ní okùn ìko ni wọ́n fi dì í. Ó ní ká di tiwa náà. Kò sí ìko níbí, ẹ̀wà gbígbẹ la lò: ẹ fi ẹyọ kan sábẹ́ aṣọ, ẹ fi òwú wé ọrùn rẹ̀ dáadáa, ẹ tún mú òmíràn. Inú báàfù la ti pa á láró. (Ẹ̀yin tí ẹ háyà ilé, ẹ lo báákẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Mo ti ní kó tò wọ́n dọ́gba-dọ́gba, ó kọ̀. Ó di tòkè ṣíṣù, ó jẹ́ kí ti àárín fọ́n ká, ó tún wá di ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí a tú u, mo ní, "Òṣùpá yín mà pọ̀ o." Ó ní yìnyín ni, ó ń já bọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti balẹ̀. Ìyá mi wò ó lórí fóònù títí, wọ́n ní irú aṣọ wo lèyí. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí àwọn.

Èmi náà ti ń dì báyìí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí oorun ò wá. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí òru yẹn bá le ní wọ́ọ̀dù, kókó mi máa ń sún mọ́ra gan-an, mi ò sì ní mọ̀ àfi tí mo bá tú u.

Màmá Aláró, ṣé mo lè ṣe ẹlẹ́kọ níbí? Omi gbígbóná ni wọ́n ní kí n fi po aró inú páálí tí mò ń rà.

Aláró, Ìbàdàn

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Kò gbọ́ràn, ó sì ṣe dáadáa. Ẹ sọ fún un pé màmá kan ní Ìbàdàn ní kó má tò ó dọ́gba.

Ahunṣọ, mo gbọ́ ti owó. Ó ń dun àwa náà. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà kún ọjà, bátànì àwọn ìyá wa ló wà lára rẹ̀, kò sì tó ìdajì owó tiwa. Ẹ má fi ẹnu lásán bá oníbàárà jà. Ẹ yí ẹlẹ́kọ padà kó rí ẹ̀yìn rẹ̀: ojú kan la ń fi ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn ti mu aró. Kí ó wá wò bóyá igun méjì dọ́gba. Ti ẹ̀rọ á dọ́gba délẹ̀.

Peckham, ẹ má fi omi gbígbóná sún mọ́ ẹlẹ́kọ o, ẹ̀kọ á yọ́ dànù. Aró tútù ló ń fẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní indigo, ìyẹn ló bá èlú wa tan. Láfún kò ní wọ́n lọ́dọ̀ yín. Ẹ sè é kó ki, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má ní kókó, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó yà á. Aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kó tó wọ aró. Ẹ rọra tì í wọlé, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ̀kọ tó ti gbẹ máa ń fọ́. Yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, ẹ má bẹ̀rù, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ sá a díẹ̀, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, títí tó máa fi dú tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ tó ha ẹ̀kọ kúrò.

Àwọn ará Ìtòkú l'Abẹ́òkúta tó ń gé bátànì sára páànù ò tíì sọ tiwọn o. A ń retí yín.