Hẹ́dífóònù wo ni mo lè máa lò tí mo bá ń gé koríko, láìná owó rẹpẹtẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Koríko ni mo máa ń gé ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé-ìwé àti àyíká ilé àwọn èèyàn. Ẹ̀rọ tí à ń gbé kọ́ èjìká, tó ń lo epo bẹntiróòlù, ni mò ń lò. Bí mo bá délé lálẹ́, etí mi á ṣì máa hó yee.

Mo fẹ́ hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo, kí n lè máa gbọ́ rédíò lórí fóònù mi. Owó ọwọ́ mi kò ju ₦50,000 lọ. Ṣùgbọ́n mo kà á pé ariwo tó rinlẹ̀, tó ń dún lọ láìdáwọ́dúró bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, ni irú wọn ń pa jù. Ariwo tó bá mú, bí ìgbà tí abẹ bá kọlu òkúta, ṣì máa ń wọlé. Tí mo bá wá yí rédíò sókè kí n lè borí ẹ̀rọ, ṣé kì í ṣe etí yìí náà ni mo tún ń bàjẹ́?

Àbí kí n kúkú ra ìbòtí àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ NRR (iye tó ń sọ bó ṣe ń dín ariwo kù tó) sí lára páálí rẹ̀, kí n sì ki íápíìsì kékeré sábẹ́ rẹ̀? Èyí ni ọkàn mi fà sí jù, àmọ́ ooru ńkọ́? Òógùn kì í jẹ́ kí fóòmù etí pẹ́ kó tó bó. Mo sì tún gbọ́dọ̀ máa gbọ́ tí ọmọdé bá sáré sẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé koríko tàbí tẹ́ ẹ ń la pákó, èwo lẹ̀ ń lò, èló lẹ rà á?