Ṣé feed ṣì wúlò fún ẹni tó ń ta ẹja yíyan?

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja yíyan láti Ẹ̀pẹ́ ni mò ń tà: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà, edé. Màámi ló ń ra tútù ní ọjà Olúwo, òun náà ló ń yan án. Èmi ni mo ń bá a tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó wà ní Ìbàdàn, Àbújá àti Èkó.

Mo ní ìkànnì tèmi lórí WordPress. Kì í ṣe ọjà nìkan ni mò ń gbé síbẹ̀, mo máa ń kọ̀wé dáadáa: bí a ṣe ń mọ ẹja tó gbẹ dénú yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan gbẹ, bí a ṣe ń tọ́jú edé kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́, ìdí tí Màámi kì í fi í jẹ́ kí iná ẹja jó fòfò. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro mi ni pé tí mo bá kọ ọ́ tán, iṣẹ́ mìíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn: kí n gbé e lọ sí Telegram, kí n gé e kúrú fún WhatsApp, kí n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ní kí n máa fi tó wọn létí. Ibì kan sì wà tí àwọn tó ń tẹ̀lé mi ti pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí mi ò bá sanwó, wọn kì í rí ohun tí mo gbé síbẹ̀.

Àbúrò mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní kí n lo RSS, ohun tí wọ́n tún ń pè ní feed, ìyẹn fáìlì tí ìkànnì fi ń to ohun tuntun tó bá jáde lórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún áàpù mìíràn láti kà, pé mo ti ní i láìmọ̀. Mo fi /feed/ sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì ìkànnì mi, nǹkan jáde lóòótọ́, àmọ́ kóòdù lásán ni mo rí. Ṣé èèyàn ṣì ń lo nǹkan yìí lẹ́yìn tí Google ti pa Reader, áàpù rẹ̀ tí wọ́n fi ń ka feed, rẹ́? Tí mo bá sì máa lò ó, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni kí n jẹ́ kó jáde níbẹ̀ ni, àbí díẹ̀? Ẹ̀rù àwọn tó ń kó ìwé oníwèé ń bà mí.

Bàbá Oníròyìn Ìkòròdú dáhùn:

O káre, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn gidigidi. Ìkànnì ìròyìn àdúgbò ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí, feed ló sì ń gbé púpọ̀ nínú ohun tí mo bá kọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kà á.

Kóòdù tí o rí yẹn, ẹ̀rọ ló wà fún. Tún un wò dáadáa, wàá rí i pé ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti kọ «item» jẹ́ àkọsílẹ̀ rẹ kan, tòun ti àkọlé, líǹkì, ọjọ́ tó jáde àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. O ò kiri ọjà fún ẹnikẹ́ni mọ́. O gbé e kalẹ̀ síwájú ilé, àwọn alájàpá ló ń yà wá kó o. Áàpù tí wọ́n fi ń kàwé, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ fi ímeèlì ránṣẹ́, bọ́ọ̀tì Telegram, alájàpá ni gbogbo wọn, ojúde kan náà ni wọ́n sì ń wá.

Òótọ́ ni pé Google ti Reader pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2013. Ṣùgbọ́n Reader kọ́ ló bí RSS. Netscape ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1999, RSS 2.0 tí à ń lò dòní ti wà láti 2002. Atom, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, di ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ní 2005. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò ni ín, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè tì í pa. Feedly àti Inoreader, áàpù tí wọ́n fi ń ka feed, ń ṣiṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Podcast tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ nínú danfo, RSS ló wà nídìí ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé àwọn tó ń tẹ̀lé ọ lórí ìkànnì ẹlòmíràn kì í ṣe tìrẹ. Onílé lè yí òfin ilé rẹ̀ padà lálẹ́ òní. Ìkànnì rẹ, feed rẹ, àti orúkọ àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn fún ọ ní ímeèlì wọn, ìwọ lo ni wọ́n. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ ti máa jáde, kí àwọn yòókù wá máa gbà á níbẹ̀. Tí wọ́n bá yí òfin wọn padà lọ́la, ojúde rẹ ṣì wà níbi tó wà.

Ímeèlì ni kí o kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́ ló ń ṣe é: Mailchimp ń ṣe é, MailerLite náà ń ṣe é. Wàá fún wọn ní àdírẹ́sì feed, wàá yan ọjọ́ àti wákàtí. Tí nǹkan tuntun bá wà nígbà náà wọ́n á fi ránṣẹ́. Tí kò bá sí, ẹnikẹ́ni ò ní gba nǹkan kan. Fún ẹni tó ń tajà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju ojoojúmọ́ lọ. A kì í fẹ́ sú oníbàárà. IFTTT tàbí Zapier, tó ń so áàpù kan mọ́ òmíràn, á bá ọ so ó mọ́ Telegram. Ti WhatsApp, ọwọ́ ni kí o fi ṣe é, àkọlé àti líǹkì ti tó. O sì lè kọ̀wé lóru tí iná bá wà, kí o ní kí WordPress gbé e jáde láàárọ̀. Ìgbà tó bá jáde ló máa wọ inú feed.

Lórí gbogbo ọ̀rọ̀ àbí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo fara mọ́. Inú «Settings», lábẹ́ «Reading», ni wàá ti yan «Full text». Mẹ́wàá tó jẹ́ tuntun jù ni WordPress máa ń kó síbẹ̀, àyàfi tí o bá yí i padà. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan, tàbí tó ń kà á níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, yóò ka ìwé rẹ dópin nínú ímeèlì láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí ojú ewé mìíràn. Olè ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ jí i yóò lọ jí i lórí ìkànnì fúnra rẹ̀, dídín ọ̀rọ̀ kù nínú feed kò ní dá a dúró. Ohun tí o máa ṣe ni pé nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, fi líǹkì sí òmíràn lára èyí tí ìwọ náà ti kọ. Yoast SEO, plugin kan (ìyẹn àfikún tí a ń fi sí WordPress), sì ní àyè kan fún RSS, níbi tí o ti lè fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tó bá jáde, pé ìkànnì rẹ ló ti kọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jí i, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kó o, ẹ̀rọ kò sì ní ka gbólóhùn yẹn kó tó gbé e lọ.

Àǹtí Elépo Àgbọn, Àgbádárìgì, dáhùn:

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ń kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa ọlọ́jà kún un.

Àbúrò mi, má kọ iye owó sínú ohun tó máa gba inú feed lọ. Ohun tó bá ti dé inú ímeèlì èèyàn, kò sí bí a ṣe lè pè é padà. O lè tún iye náà ṣe lórí ìkànnì, ti àtijọ́ ni oníbàárà yóò ṣì máa nà sí ọ lójú. Iye ẹja kì í sì í dúró lójú kan, ìwọ náà mọ̀. Kọ bí a ṣe ń mọ ọ̀bọ̀kún tó dára, kí o wá fi líǹkì sí ojú ewé tí owó rẹ̀ wà.

Irú feed kejì wà tó jẹ́ ti ọjà gan-an. Google Merchant Center, ibi tí àwọn olùtajà ti ń fi ọjà wọn ránṣẹ́ sí Google, ń gba RSS 2.0 àti Atom: orúkọ ọjà, àwòrán, iye, líǹkì, bóyá ó wà nílẹ̀ àbí ó ti tán. Nínú èyí, iye gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lójú ewé rẹ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gba ọjà náà wọlé. Tí o bá ń lo WooCommerce, plugin tí wọ́n fi ń tajà lórí WordPress, wá plugin tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, kí o má máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yanjú ti ímeèlì ná.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Mo ti yọ owó kúrò nínú èyí tí mo fẹ́ gbé jáde lọ́la. Ìbéèrè kan ló kù: ní èdè Yorùbá ni mò ń kọ̀wé, mo sì ń fi àmì sí i. Nínú ímeèlì tí mo fi dán an wò, ẹ́ àti ọ̀ rí jákujàku, bíi pé wọ́n gé wọn lára ìwé mìíràn. Ṣé feed ló ba á jẹ́ ni?

Bàbá Oníròyìn Ìkòròdú:

Rárá, má yọ àmì kankan. UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè sílẹ̀, ni feed WordPress ń lò, gbogbo àmì wa wà níbẹ̀ pé. Fọ́ǹtì tí o yàn nínú ímeèlì ló fà á: púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì ológe kò ní lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, fóònù a wá yá a lára fọ́ǹtì mìíràn. Yan Arial, kí o tún dán an wò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Kí o tó so ó pọ̀ lọ́la, fi àdírẹ́sì feed rẹ sí validator.w3.org/feed, ìkànnì tó ń yẹ feed wò bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Tí ó bá mú àṣìṣe kankan jáde, gbé e wá síbí bó ṣe wà kí a jọ wò ó.