Afinimọ̀nà àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Baroque ní Róòmù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí afinimọ̀nà mú mi yí ká àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Baroque (ìyẹn ọnà ìkọ́lé aláràbarà ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún) tó wà ní Róòmù. Èwo ni kò yẹ kí n fò?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo Sant'Ignazio. Ní 1685, ayàwòrán kan, Andrea Pozzo, ya òrùlé rìbìtì sórí aṣọ kánfáàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ bí ẹ bá dúró síbi tí wọ́n sàmì sí nílẹ̀, ẹ ó rò pé òrùlé náà ga sókè lóòótọ́. Bí ẹ bá sì rìn kọjá ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lójú yín.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n San Carlo alle Quattro Fontane, tí ayàwòrán ilé Borromini bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1638, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ó kéré púpọ̀, síbẹ̀ ògiri rẹ̀ ń wọnú, ó ń yọ síta bí ìgbì òkun. Sant'Andrea tí Bernini, ayàwòrán ilé tó tún ń gbẹ́ ère, kọ́ kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ fi Santa Maria della Vittoria kún un, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba fèrèsé tí Bernini fi pamọ́ bọ́ sára ère Tẹrésà Mímọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ máa ń tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.