Ibùṣíkọ̀ ni, kì í ṣe "ibúṣíkọ̀"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mo ti fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹnìkan nínú wa béèrè orúkọ tó yẹ ibi tí èèyàn ti lè gbé kayáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi àjẹ̀ wà, bọ́ sínú òkun. Ọ̀gá wa kan dá a lóhùn pé "ibúṣíkọ̀", ọ̀pọ̀ sì ti kan sáárá sí i. Ṣé kò sẹ́ni tó rí àmì orí u yẹn ni?

Ibú ni ẹja ńlá ń gbé! Ibùsùn, ibùgbé, ibùdó, ibùjókòó, ibùjẹ ẹran: èwo nínú wọn lẹ ti gbọ́ ohùn òkè lórí u rí? Mi ò bá ọ̀gá jà lórí ṣíkọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, inú mi dùn pé ó rántí rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo yẹn ló bà á jẹ́, torí òdìkejì ohun tí à ń wá ló ń sọ.

Kayáàkì òkun gùn tó mítà 5, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Omi tó dé ojúgun ti tó o. Nínú omi bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, màá kọ́kọ́ fìdí lé ìjókòó, màá wá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ihò rẹ̀, màá sì gbọ́ bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń ha òkúta wẹ́wẹ́ kí omi tó gbé e. Bó bá jẹ́ ibú ni, ibo ni n ó fẹsẹ̀ tẹ̀? Kódà etí òkun tó bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù kò dáa, ìgbì máa ń já lulẹ̀ gbì níbẹ̀, á sì dojú ọkọ̀ dé.

Bàbá tó kọ́ mi ní àmì ohùn kì í jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àfi tá a bá kọ́kọ́ fi súfèé pè é. Ibù, re dò. Ibú, re mí. Ẹni tó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá kó tó gbọ́ tèmi, ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà "èbúté" ti tó, pé ibi tí ọkọ̀ ti ṣí náà ló ń gúnlẹ̀ sí, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mà. Ṣùgbọ́n ògiri èbúté ọkọ̀ ńlá ga. Báwo lẹni tí ìbàdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba ṣe fẹ́ gun un? Omi òkun kì í sì í dúró. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa ń wà láàárín ìkún kan àti èkejì. Bí mo bá ṣíkọ̀ nígbà tó kún, tí mo padà dé lẹ́yìn wákàtí 6, ó lè jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń gbé èèyàn mì dé orúnkún ni n ó bá, pàápàá nígbà òṣùpá tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ibùgúnlẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀.

Ẹni tó ní ká máa pe kayáàkì ní "ọkọ̀ aláwọ", torí awọ séálì, ẹran inú òkun, làwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ oníyìnyín ní àríwá ayé, fi ń bò ó láyé àtijọ́: ike ló pọ̀ jù lónìí. Ọ̀rọ̀ wọn ni qajaq, ẹ jẹ́ ká yá a. Kayáàkì ni mo ń kọ, ẹlòmíì ń kọ káyáàkì. Ẹ fi súfèé pè é, kẹ́ ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ gbọ́.