Lọ́yà tó bá wọ sójà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe gan-an?

OmoOke_Ibadan: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti parí law school, mo wà ní chamber kan n'Íbàdàn níbí, owó tí wọ́n ń fún wa ò ju owó ọkọ̀ lọ, ni mo bá ní kí n gba fọ́ọ̀mù DSSC, èyí tí sójà fi ń gba àwọn tó ti jáde yunifásítì ṣe ọ́físà. Màámi ní ṣé wíìgì ni màá dé lọ bá Boko Haram jà ni 😂 Ẹ jọ̀ọ́, kí ni lọ́yà ń ṣe ní báráàkì? Àbí lẹ́tà ọ̀gá ni màá máa tẹ̀?

BarrackBoy: Àbúrò, wọ́n á kọ́kọ́ fi eré sísá yọ omi lójú ẹ ní NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun ní Kàdúná ná, lọ́yà náà á yìnbọn o. Tóo bá jáde, iṣẹ́ wà. Sójà tó sá lójú ogun, tó ta ọta ìbọn, court martial, ìyẹn ilé ẹjọ́ àwọn ológun, ló ń lọ, lọ́yà kan á rojọ́ mọ́ ọn, òmíì lè gbèjà ẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ jẹun ní mẹ́ẹ̀sì lálẹ́. Kò sí wíìgì níbẹ̀ o, bí ọ́físà lo ṣe máa dúró. Judge advocate náà wà, òun ló ń sọ ohun tí òfin wí fún àwọn ọ̀gá tó ń dájọ́, àmọ́ kì í dìbò. Ẹ tún máa ń kọ́ àwọn tó ń lọ sí Maiduguri pé ẹni tó bá ti tẹ́wọ́ sókè, wọn ò gbọdọ̀ yìn ín níbọn. Ìwé kọngílá àti ẹjọ́ ilẹ̀, ìyẹn ò lópin.

IyaBeji: Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ December 2014 ńkọ́? Sójà 54 ni wọ́n dájọ́ ikú fún l'Ábújá, wọ́n ní wọ́n ṣọ̀tẹ̀, àwọn yẹn ní kò sóhun ìjà tó dáa tí wọ́n fún àwọn. Falana tó gbèjà wọn, lọ́yà ìta ni. Lọ́yà tó wọ kákí, tó bá ní ọ̀gá ò tọ̀nà, ta ló máa fún un ní promotion?

BarrackBoy: Mọ̀mọ́ Ìbejì, ibẹ̀ yẹn ló le jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn ò tíì múlẹ̀ títí àwọn tó wà lókè á fi fọwọ́ sí i, ó sì lè dé Court of Appeal. Àwọn 54 yẹn náà, 2015 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ọ̀gá lè má gba ìmọ̀ràn lọ́yà, àmọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí kọ́pì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ.

OmoOke_Ibadan: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo ṣì lè máa gba ẹjọ́ ìta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

BarrackBoy: Láéláé. Owó oṣù ìjọba nìkan lo máa jẹ.