Lutz mi ń di flip kí n tó fò, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fò lórí yìnyín. Flip mi, ìfò tí a ń gbéra fún láti etí inú abẹ bàtà yìnyín, ti ń balẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Lutz, èyí tí a ń gbéra fún láti etí ìta, ò gbọ́ tèmi rárá.

Bí mo ṣe ń yọ́ bọ̀ sẹ́yìn kò burú, etí ìta abẹ bàtà òsì ni mo dúró lé. Àfi kí n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn láti fi eyín iwájú abẹ rẹ̀ gún yìnyín, kíá, ọrùn ẹsẹ̀ òsì á wó sínú. Ó di etí inú, ó di flip nìyẹn. Mo lọ wo ipa tí abẹ fà sílẹ̀: ó tẹ̀ bọ̀ dáadáa, ó wá ṣẹ́rí padà níparí bíi lẹ́tà S. Adájọ́ ìdíje wo ló máa gbójú fo ìyẹn?

Mo mọ̀ pé apá tí abẹ ń tẹ̀ sí lòdì sí apá tí a máa yí sí lófurufú, ibẹ̀ gan-an ni Lutz ti le. Ara kàn fẹ́ tètè yí ni.

Ṣé èjìká ni kí n dì mú ni, àbí ibi tí mò ń gún ló ti sún mọ́ inú jù? Ẹnìkan ní kí n dín ọ̀nà tí mo fi ń yọ́ bọ̀ kù. Ó jọ pé òótọ́ ni, torí tó bá ti pẹ́ jù ni ẹsẹ̀ ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti borí ẹ̀, kí lẹ kọ́kọ́ tún ṣe?

Òsì ni mò ń yí sí o. Ẹni tó bá ń yí sí ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i padà kí ẹ tó kọ ọ́.