Àìfisórí kọ́ ni uninstall o, híhú ni

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé pé "àìfisórí" ni ká máa pe uninstall, ìyẹn ká yọ ohun tá a ti fi sórí kọ̀ǹpútà kúrò, mo kí yín o, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n "àì" tẹ́ ẹ gbé síwájú yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Àìsùn, àìlówó, àìgbọ́ràn, kí ni gbogbo wọn ń sọ? Pé nǹkan náà ò ṣẹlẹ̀ ni. Àìfisórí á wá túmọ̀ sí pé èèyàn ò tiẹ̀ fi nǹkan ọ̀hún sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti fi í síbẹ̀, ó ti sú u, ó fẹ́ kó kúrò. Àìrídìmú tá à ń pe software, ìyẹn àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, "àì" tibẹ̀ tọ́, torí kò sígbà tẹ́nikẹ́ni rí i dì mú rí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn la fi ń dá iṣẹ́ padà lédè wa. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i. Ẹ wé gèlè, ẹ tú u. Ẹ wọ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Ta ló máa sọ pé òun ń "àìwé" gèlè?

Ẹlòmíì ní "pa rẹ́", tá a fi ń pe delete, ti tó fún uninstall náà. Kò tó! Ohun tá a fi ẹfun kọ sójú pátákó la ń pa rẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nílùú Àkúrẹ́ níbí, lẹ́bàá òpópónà Ọba Adésidà. Lóṣù tó kọjá màmá kan gbé láptọ́ọ̀pù wá, wọ́n ní àwọn ti pa géèmù tọ́mọ àwọn fi síbẹ̀ rẹ́, síbẹ̀ ó ń yọjú bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ. Àmì ojú desktop ni wọ́n pa rẹ́, èyí tó kàn ń júwe ibi tí géèmù wà. Géèmù fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sínú Program Files, fódà tí Windows ń kó àwọn ètò sí, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń bá Windows jí. Mo gba Settings wọlé, mo bọ́ sí Apps, mo wá Installed apps, tó ń jẹ́ Apps & features lórí Windows 10, mo tẹ Uninstall, mo pa ẹ̀rọ mo tún tàn án, mo wá lọ wo inú AppData, fódà tó fara pamọ́ táwọn ètò ń kó ẹrù wọn sí, fódà géèmù náà ṣì wà níbẹ̀, mo kó o dànù. Mi ò fọwọ́ kan Registry, ibi tí Windows ń kọ àwọn ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sí, torí ẹni tí ò mọ ibẹ̀ lè ba gbogbo Windows jẹ́.

Ìyá ìyá mi l'Óǹdó kì í jẹ́ ká fi àdá ṣán èkan. Ẹ ṣán an lónìí, òjò méjì péré, ó ti yọrí padà, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rìn nísàlẹ̀. Ọkọ́ ni wọ́n ń kó fún wa, ká hú u, ká ṣa gbòǹgbò ẹ̀ síbi kan kí oòrùn pa á. Ohun tí mo ṣe fún géèmù yẹn gẹ́lẹ́ nìyẹn, mo hú u.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn òkè sórí "hú" yẹn. Ẹnì kan ti kọ "ìhùkúrò" níbí, orí mi fò lọ! Hù lèpò ń ṣe nígbà tó bá ń jáde nílẹ̀, èyí tá ò hú dáadáa ló ń hù.

Ẹni tó ní kí ará Àkúrẹ́ má dá sí i torí à ń pe ilé ní ulé, ẹnu àwọn àgbà tó ń sọ ulé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ hú, wọn ò ṣi ohùn rẹ̀ pè lójú mi rí.

Wọ́n tún ti ń bi mí bóyá gbígbìn la ó wá máa pe install. Mi ò tíì gbà, ohun tá a bá gbìn ń dàgbà. "Fi sórí ẹ̀rọ" ṣì tẹ́ mi lọ́rùn, àyàfi bí ẹ̀gbọ́n bá ní òmíì tí ò ní "àì" nínú.